Bí Ọdẹ́sanmí Ṣe Di Ẹyẹ ní Nódípúrà

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ará ilé mi. Òjò ti lé yín kúrò lóko, ó sì ti lé èmi náà kúrò nínú igbó, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé iṣẹ́ ń dúró de òun. Ẹni tí yóò bá wúkọ́, kí ó wú u tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí yóò bá jiyàn, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ibi tí mo ti lọ, kí ó pa ẹran tí mo ti pa, kí ó tó padà wá bá mi fa ọ̀rọ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti fi ọwọ́ òsì di ìrù ẹkùn mú rí, mo sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ iṣu sísun mi lọ. Ẹkùn náà ni ó bẹ̀ mí pé kí n fi òun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́sanmí ará Òkè-Ìròrun, ẹni tí ó kọ́ mi bí a ti ń tẹ ewé gbígbẹ tí kò fi ní dún. Gbogbo ohun tí n ó sọ, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ lọ bá a lọ́run kí ẹ bi í léèrè.

Ọdẹ́sanmí jẹ́ akínkanjú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ, obìnrin ni, Àwẹ̀ró ni ó ń jẹ́. Nígbà tí Àwẹ̀ró tó lọ́kọ, ó ní Ọnàwọlé ni òun yóò fẹ́. Afíngbá ni Ọnàwọlé. Igbá ni ó máa ń gbé lé itan láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa fi ọ̀bẹ kékeré ya ewé àti alángbá sí i lára. Ọdẹ́sanmí kò ka irú iṣẹ́ àjókòóṣe bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ ọkùnrin rárá. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí àwọn ọdẹ yìnbọn, Ọnàwọlé ta gìrì, ó sì da àwo ọbẹ̀ sára aṣọ ọkọ ìyàwó tí ó wọ̀. Ọdẹ́sanmí bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ níwájú gbogbo àna pé adìyẹ ni ọmọ òun lọ fẹ́, pé kí adìyẹ náà má ṣe tẹ ẹnu ọ̀nà òun láé, kí àwọn ajá òun má baà fi í ṣe oúnjẹ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró ni ó fèsì. Ó ní ilé tí ọkọ òun kò bá lè wọ̀, òun náà kò ní wọ̀ ọ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ, ọdún méje sì kọjá tí ẹnikẹ́ni kò rí i ní Òkè-Ìròrun. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́.

Ní ọdún keje náà, ìròyìn dé pé Àwẹ̀ró ti bí ọmọ kẹta. Ìbídùn, ìyàwó Ọdẹ́sanmí, gbọ́ ọ. Kò sọkún, kò sì pariwo. Ó da omi sínú iná ààrò rẹ̀, ó dojú ìkòkò dé, ó sì jókòó lé e. Ó ní òun kò ní dáná nínú ilé yẹn mọ́ títí Àwẹ̀ró yóò fi wọ̀ ọ́. Ẹnu tí ó lé ọmọ òun lọ ni kí ó lọ pè é wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọdẹ́sanmí fi jẹ gààrí gbígbẹ. Ní ọjọ́ kẹrin ó gbé ìbọn, ó gbé àpò, ó ti ọ̀gọ, kùmọ̀ kékeré tí ó máa ń jù lu ẹran, bọ ìgbànú, ó ní òun ń lọ mú ọmọ òun wálé, bí ọkọ rẹ̀ fẹ́, bí ó kọ̀. Bíbẹ̀ kò sí nínú èrò rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ náà púpọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún mi pé kò sí ọjọ́ kan nínú ọdún méje yẹn tí òun kò wo ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ti jókòó sí i lọ́fun bí eegun ẹja.

Ìlú àwọn Ọnàwọlé wà lódìkejì Igbó Amúnirìnkiri. Ọdẹ́sanmí kò tíì rìn jìnnà nínú rẹ̀ tí ó fi bá iwin kan tí ó fi ara dínà. Irùngbọ̀n iwin náà kún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́lé sínú rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni ó ní, orí orúnkún ni ojú náà sì wà, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá fẹ́ wo òkè, àfi kí ó gbé ẹsẹ̀. Ọ̀gá mi kò béèrè orúkọ, ó yìnbọn. Iwin náà fi ọwọ́ gbọn irùngbọ̀n rẹ̀, ó ṣa àwọn ọta ìbọn jọ, ó sì pín wọn fún àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n pa á jẹ bí ẹ̀kùrọ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ pé ẹni tí yóò kọjá níbẹ̀ gbọ́dọ̀ já àlọ́ kan.

“Mo gbìn ín sí àgbàlá mi,” ni ó wí, “mo bomi rin ín, mo ṣọ́ ọ. Àgbàlá ẹlòmíràn ni ó ti so èso. Kí ni?”

Ọdẹ́sanmí kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó délẹ̀. Ó ní, “Ọmọbìnrin ni.”

Iwin náà gbé orúnkún rẹ̀ sókè kí ó lè wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó ní, “O mọ̀ ọ́n báyìí, o sì tún gbé ìbọn lọ bá a?”

Ọ̀gá mi wo ìbọn ọwọ́ rẹ̀. Iwin náà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jẹ́ kí ó kọjá.

Ìlú tí ó kọ́kọ́ dé lẹ́yìn ìyẹn ni Ìlú Kí-Òun-Kọ́kọ́-Kí-Mi. Bí Ọdẹ́sanmí ti wọ̀ ọ́, ó rí i pé gbogbo ènìyàn dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Olúkúlùkù ń dúró kí ẹnìkejì rẹ̀ kọ́kọ́ kí òun. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dúró bẹ́ẹ̀ débi pé koríko ti hù sí èjìká àwọn àgbà wọn, aláǹtakùn sì ti ta òwú so ọkọ mọ́ ìyàwó. Ẹnì kan tí ó bá ní inú rere nínú yín yóò ti sọ pé ẹ kú ilé o, ọ̀rọ̀ ìbá sì parí. Ṣé ẹ rò pé ọ̀gá mi sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá mi ní àlejò ni òun, òun sì jẹ́ àgbà. Kí wọ́n kí òun. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, òun náà sì dúró. Ó dúró títí di ọjọ́ kẹta, nígbà tí ẹyẹ ẹ̀gà kan gbé koríko wá, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìtẹ́ sórí fìlà rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà á, ó sì sá jáde nínú ìlú náà láìwẹ̀yìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Mo rí ẹni méjì láàárín yín níbí tí wọn kò tíì kí ara wọn láti ọdún ìjẹṣu.

Eré tí ó ń sá ni ó gbé e dé ẹ̀bá odò ńlá kan. Ní etí odò náà, koríko gíga yọ òdòdó funfun bí òwú tí ó là lóko, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ ẹ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìlú kan wà níwájú, Nódípúrà ni wọ́n ń pè é, ìlú àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù. Ọdẹ́sanmí yọjú sínú àtíbàbà kan ní ìpẹ̀kun ìlú, ó sì rí kìnnìún tí ó la ẹnu sílẹ̀ wò ó. Ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbé ìbọn, ó di ojú kan. Ọkùnrin kan yọ orí jáde láti abẹ́ ikùn kìnnìún náà, ọwọ́ rẹ̀ kún fún amọ̀, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé bí ó bá fẹ́ pa kìnnìún náà, kí ó jọ̀wọ́ jẹ́ kí amọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ gbẹ.

Háripódà ni ọkùnrin yìí, òun ni ó ń mọ ère fún ìlú náà. Ó mú ọ̀gá mi wọlé, ó fi gbogbo rẹ̀ hàn án. Lórí kìnnìún náà ni obìnrin arẹwà kan dúró, ó ní ọwọ́ mẹ́wàá, ohun ìjà wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀tá burúkú kan tí ó yọ lára ẹfọ̀n sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin dúró tì í, ọ̀kan nínú wọn ní orí erin. Háripódà sọ pé Dúrígà ni, ìyá tí ń ṣẹ́gun ibi, ṣùgbọ́n ní Nódípúrà, ọmọ ilé ni wọ́n ń pè é. Ilé ọkọ ni ó ń gbé, lọ́dọ̀ Ṣífà lórí Òkè Káíláṣì, níbi tí yìnyín kì í yọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ó ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí ilé baba rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni ó ń lò, gbogbo ìlú sì ni baba àti ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ wọ̀nyí. Ère amọ̀ yìí ni yàrá tí yóò wọ̀ sí. Bí ó bá ti ń padà lọ, odò ni ère náà ń lọ.

Ojú nìkan ni ó kù tí Háripódà kò tíì yà. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì tí kò nípọn ju irun ìpéǹpéjú lọ, ó rì í bọ ọ̀dà, ó sì dá èémí dúró. Ọdẹ́sanmí náà dá tirẹ̀ dúró láìmọ̀. Ó sọ fún mi pé kò sí ìgbà kan tí òun rò pé ẹni tí ń jókòó ṣiṣẹ́ lè mọ bí a ti ń dá èémí dúró bí ọdẹ tí ó fẹ́ yìnbọn. Nígbà tí ọkùnrin náà gbé ọwọ́ kúrò, ère náà ń wò wọ́n. Ọ̀gá mi rántí afíngbá kan, ó sì yára lé e kúrò lọ́kàn.

Wọ́n fi í wọ̀ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí ń jẹ́ Nírúpómà, olórí àwọn obìnrin àdúgbò, ẹni tí eyín rẹ̀ ti tán ṣùgbọ́n tí ẹ̀rín rẹ̀ kò tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin pé jọ sí àgbàlá rẹ̀, wọ́n ń kọ orin tí wọ́n fi ń retí ọmọ náà. Nírúpómà ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún àlejò rẹ̀. Nínú orin náà, ìyá Dúrígà ń bá ọkọ rẹ̀ wí. Ó ní o jókòó sílẹ̀ bí òkúta, ọdún ti yí po, n kò tíì fojú kan ọmọ mi. Dìde, lọ mú un wá fún mi. Ara Ọdẹ́sanmí gbóná. Ó dìde, ó sì béèrè ta ni ó wá sọ ọ̀rọ̀ ilé òun fún wọn, àti ìgbà wo ni Ìbídùn ránṣẹ́ dé ibẹ̀. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Nírúpómà ní orin náà ti wà kí ìyá ìyá òun tó wáyé. Ni ọ̀gá mi bá jókòó, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún wọn, àyàfi ti adìyẹ nìkan ni ó yọ kúrò. Ìyá àgbà náà wò ó, ó sì bi í léèrè pé kí ni ó sọ sí ọkọ ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi ní òun kò rántí mọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọdún bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ń sọ ọ́ tí ẹsẹ̀ mi bá ń mì, ẹ má dá mi lẹ́kun. Wọ́n gbé Dúrígà jáde sábẹ́ àgọ́ aláràbarà, àwọn onílù gbé àwọn ìlù ńlá tí a fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kọ́ èjìká, wọ́n ń lù wọ́n, wọ́n ń fò sókè, àwọn obìnrin sì ń fọn ìkarahun òkun bí ìwo. Ọjà ọdún ṣí sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà àgọ́ títí dé etí odò. Ẹ̀gbà ọwọ́ onídígí wà níbẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé, aláwọ̀ wúrà, tí àwọn ọmọge ń fún sọ́wọ́ títí tí ọwọ́ wọn fi ń dún woroworo. Ìrẹsì tí a yan tí ó wú fúkẹ́fúkẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn kan ń lọ́ àkàrà olómi kan bí ejò sínú òróró gbígbóná, wọ́n a sì rì í bọ omi ṣúgà. Ọ̀gá mi jẹ méjìlélógún nínú rẹ̀, ó ní òun kàn ń tọ́ ọ wò ni. Ní ọ̀sán, gbogbo ènìyàn jókòó ní ìlà gígùn, olówó àti aláìní, wọ́n ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè pọ̀, orí ewé ni wọ́n bù ú lé. Ẹnikẹ́ni kò bi Ọdẹ́sanmí léèrè ọmọ ta ni ó jẹ́ kí wọ́n tó bù fún un.

Kẹ̀kẹ́ kan tún wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ onígi tí ó ga ju ìrókò lọ, wọ́n so àga mọ́ etí rẹ̀ yíká, àwọn géńdé mẹ́rin sì ń fi ọwọ́ yí i. Ọdẹ́sanmí tí ó bá ẹfọ̀n jìjàkadì gun orí rẹ̀. Nígbà tí ó délẹ̀, ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun kò bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà ní ọjà gbọ́ ohùn kan láti òkè tí ó ń ké pe ìyá rẹ̀, ìyá Ọdẹ́sanmí nìkan ni ó sì ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n gbọ́.

Inú dídùn ní ń mórí yá. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá mi ti ń jó láàárín àwọn onílù, ó sì ti ń bínú sí ara rẹ̀ pé irú ayọ̀ báyìí ń lọ láyé, Àwẹ̀ró kò sì sí níbẹ̀ láti rí i.

Ọjọ́ karùn-ún ni ọjọ́ ìdágbére. Àwọn obìnrin tí ó ní ọkọ wọ aṣọ funfun elétí pupa, wọ́n gun àga lọ bá Dúrígà, wọ́n fi ewé nù ún lójú, wọ́n fi àdídùn kàn án lẹ́nu, wọ́n sì ń sọ ọ́ sí i létí pé kí ó tún padà wá. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí ara wọn, wọ́n ń fi àtíkè pupa bí osùn kun ara wọn ní iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ń sọkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èèyàn kò sì mọ èwo ni omijé, èwo ni òógùn. Ní àkókò yìí ni Háripódà gbé àgò kan jáde. Ẹyẹ kan wà nínú rẹ̀, aró ara rẹ̀ jọ ti agbe. Háripódà ṣí àgò, ẹyẹ náà fò pìrì sókè, gbogbo ìlú sì hó yèè.

Àjèjì lójú, kò fi ríran. Ọdẹ́sanmí gbọ́ igbe, ó rí ẹyẹ nínú afẹ́fẹ́, ó sì rò pé ẹyẹ àwọn olóore òun ti já. Ọwọ́ ọdẹ kì í dúró gba àṣẹ. Ó fa ọ̀gọ yọ, ó jù ú, ó ba apá ẹyẹ náà, ó sáré, ó sì gbà á kí ó tó kanlẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó ń ṣe ọ̀gá mi o. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó gbé e wá síwájú Nírúpómà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹyẹ yín nìyí. Kò lè sá lọ mọ́.”

Ìlù dákẹ́. Obìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Háripódà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi orí lé orúnkún. Wọ́n wá ṣàlàyé fún Ọdẹ́sanmí pé ẹyẹ náà kò já. Wọ́n rán an níṣẹ́ ni. Òun ni ó ń ṣíwájú Dúrígà lọ sí Òkè Káíláṣì lọ́dọọdún láti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀, kí ó má bínú, kí ó sì jẹ́ kí ó tún wá ní ọdún tí ń bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un, ta ni ó mọ̀ bóyá yóò tún jẹ́ kí ó wá?

Ọ̀gá mi sọ fún mi pé òun wo ojú àwọn obìnrin náà, àtíkè pupa ṣì wà lójú wọn, òun sì rí Ìbídùn nínú gbogbo wọn. Ojú tì í. Ó ní ọ̀kan péré ni òun ti lé lọ tẹ́lẹ̀, àṣé òun yóò tún lé ọmọ gbogbo ìlú lọ.

Nírúpómà gba ẹyẹ náà, ó fi ìka yẹ apá rẹ̀ wò. Kò ṣẹ́, ó rọ́ ni. Ó gbé e fún Háripódà pé kí ó tọ́jú rẹ̀ di oṣù tí ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ọ̀gá mi. “Apá méjì ni ẹyẹ yìí ní, o gba ọ̀kan,” ni ó wí. “Ẹsẹ̀ méjì ni ìwọ ní, ẹnikẹ́ni kò sì gba ọ̀kan nínú wọn.”

Ọdẹ́sanmí ní òun yóò lọ. Ó fi iṣẹ́ náà sẹ́nu, ó ń wí i ní àwítúnwí. Wọ́n sọ fún un pé bí ère bá ti wọ odò, Dúrígà ti gbéra nìyẹn, nítorí náà kí ó sáré. Nírúpómà tún sọ fún un pé ọ̀nà tí ó gba Òkè Káíláṣì kọjá náà ni yóò gbé e dé ilé àna rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi bí ó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀, ó ní nínú Igbó Amúnirìnkiri, gbogbo ọ̀nà mọ ibi tí ó ń lọ, ẹni tí ń rìn ín ni kò mọ̀.

Òtútù òkè náà kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ níbẹ̀ a dì lẹ́nu rẹ̀, a sì já bọ́ sílẹ̀. Irin ìbọn lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀gá mi títí ó fi gbé e jù sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè. Afẹ́fẹ́ já oògùn ìfúnpá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ẹkùn, ti ejò, ti ọ̀tá, títí kò fi ku nǹkan kan lára rẹ̀ bí kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó ń wí i lọ bí ó ti ń gun òkè, nítorí ó rí i pé ìgbà tí òun bá ń wí i ni ẹsẹ̀ òun ń gbóná. Ní orí òkè, akọ màlúù funfun kan dùbúlẹ̀ sẹ́nu ìlẹ̀kùn kan. Ó wo ọ̀gá mi, ó sì tún pa ojú dé. Ọdẹ́sanmí kan ìlẹ̀kùn.

“Ta ni?” Ohùn náà jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kò le.

“Èmi ni ẹyẹ.”

Ohùn náà ní, “Ẹyẹ tí mo mọ̀, aró ni ara rẹ̀. Kì í sì í hu irùngbọ̀n.”

Ọ̀gá mi kò lè purọ́ níbẹ̀. Ó ní ẹyẹ náà kò lè wá, òun ni òun ṣe é léṣe, òun sì rò pé oore ni òun ń ṣe. Ohùn náà ní kí ó jíṣẹ́ tí ó bá wá. Ọdẹ́sanmí la ẹnu, ọ̀rọ̀ kọ̀, kò jáde. Kì í ṣe òtútù ni ó dì í. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sí ọkọ ọmọ kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá rí. Ó gbé ìgbéraga náà mì bí ẹni gbé eegun mì, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì wí pé:

“Ọkọ ọmọ wa, a kí yín. Ìyàwó yín ti gbéra. Ó jẹun, ó rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni kò mú un bínú. Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Àwa tí a bí i dúpẹ́ pé ẹ jẹ́ kí ó wá kí wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó tún wá.”

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé náà, ẹ̀rín tí ó mú yìnyín orí òrùlé yọ́ tó-tó-tó. Ohùn náà ní, “Yóò wá. Mi ò sọ ọ́ rí pé kí ó má wá. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi pé ẹ ń wá sọ ọ́.” Nígbà náà ni ọ̀gá mi gbọ́ ẹsẹ̀ kìnnìún lẹ́yìn rẹ̀, àti ohùn àwọn ọmọ tí ń bá ara wọn jiyàn lórí àdídùn. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní ìyàwó tí ń wọ ilé ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí àlejò ń wò. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ọ̀rọ̀ náà nìkan ni ó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀sán ni ó dé ilé Ọnàwọlé. Afíngbá náà jókòó lábẹ́ igi ní iwájú ilé, igbá wà lórí itan rẹ̀, ó ń ya ojú ẹyẹ kan sí i, ó sì dá èémí dúró. Ọdẹ́sanmí dúró jẹ́ẹ́. Kò sọ̀rọ̀ títí ọkùnrin náà fi gbé ọ̀bẹ kúrò. Nígbà náà ni Ọnàwọlé gbé ojú sókè, ó sì rí i.

Ọ̀gá mi ni ó kọ́kọ́ kí i. Ó ní, “Ọkọ ọmọ mi, mo kí yín. Adìyẹ tí mo pè yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹnu mi ni kò dára. Ẹ ṣeun tí ẹ ń tọ́jú ọmọ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó wá kí wa.” Bí ó ti ń sọ ọ́ ni ó ń tẹ orúnkún.

Orúnkún náà kò dé ilẹ̀. Ọnàwọlé sọ igbá nù, igbá là sí méjì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú èérún igbá. Ó ní, “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Baba. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ayé bú mi. N kò dí i lọ́nà rí. Ẹni tí yóò wá sọ ọ́ ni a ń retí.”

Àwẹ̀ró jáde láti inú ilé, ọmọ ìkókó wà lẹ́yìn rẹ̀, méjì sì di ìró rẹ̀ mú. Kò sáré wá, kò kúnlẹ̀. Ó wo baba rẹ̀ títí. Ó ní, “Ṣé Ìyá mi ni ó rán yín?”

Ọdẹ́sanmí ní, “Ìyá rẹ rán mi jáde nílé, ó ní kí n wá mú ọ. Ṣùgbọ́n kò rán mi kí n wá bẹ ọkọ rẹ. Ìyẹn, èmi ni mo rán ara mi.”

Àwẹ̀ró wo ọkọ rẹ̀. Ó ní, “Ọkọ mi ńkọ́? Níbo ni yóò dúró sí nígbà tí mo bá wọlé?”

Baba rẹ̀ ní, “Òun ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Ìwọ yóò tẹ̀lé e, àwọn ọmọ yóò tẹ̀lé ọ, èmi yóò kẹ́yìn.”

Nígbà náà ni Àwẹ̀ró bú sẹ́kún, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà bí àwọn obìnrin Nódípúrà, ó sì wá so mọ́ baba rẹ̀ lọ́rùn, tọmọ-tọmọ. Ọ̀gá mi pa ẹran láyé, ẹ̀yin ènìyàn mi, ó pa èyí tí ó ní ìwo àti èyí tí ó ní èékánná, orúkọ rẹ̀ sì dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dàgbà tí agbára rẹ̀ tán, tí mo bi í léèrè ọjọ́ wo ni ó dùn mọ́ ọn jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọdẹ rẹ̀, kò mẹ́nu kan ẹran kankan. Ó ní ọjọ́ tí àna òun ṣíwájú, tí òun sì kẹ́yìn wọ ilé ara òun, ni.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí wọ́n ti gbé e lé mi lórí. Ẹni tí ó bá ní àna nínú yín, kí ó dìde kí ó lọ kí i.